Kíndìnrín Ni Ká Bi

Bí kíndìnrín bá dédé daṣẹ́ sílẹ̀ lára ẹni tó wà ní ICU, yàrá ìtọ́jú àkànṣe, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í tètè sọ. Creatinine, ìdọ̀tí tí ẹran ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, tí kíndìnrín sì ń kó dànù, lè lo ọjọ́ kan sí méjì kó tó ga, nítorí náà ọ̀rọ̀ àná ni èsì tí dókítà ń kà. Kíndìnrín ẹlòmíràn á sì padà bọ̀ sípò, ti ẹlòmíràn á burú títí yóò fi kan ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Báwo la ṣe fẹ́ tètè mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Lójú tèmi, ká gbé iṣẹ́ fún kíndìnrín fúnra rẹ̀, ká wo bó ṣe máa ṣe é.

Ohun tí Lakhmir Chawla àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe nìyẹn, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2013. Furosemide ni wọ́n lò, abẹ́rẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Lasix. Sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ló gbọ́dọ̀ gbé oògùn yìí láti inú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sí ojú ọ̀nà ìtọ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́. Èyí tó ti bàjẹ́ kò lè gbé e. Mílígíráàmù kan fún kílò kan ni wọ́n ń fún ẹni tí kò tíì lò ó láìpẹ́ yìí, 1.5 fún ẹni tó ti ń lò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, àpò ìtọ̀ tó rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni nọ́ọ̀sì á máa wò. Bí ohun tó wọ inú rẹ̀ ní wákàtí méjì kò bá tó 200 mílílítà, tí kò tó ìdajì ọ̀rá piọ́ wọ́tà kan, ewu ń bọ̀. Aláìsàn 77 péré ni wọ́n yẹ̀ wò, ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n àmì náà mú nǹkan bí 87 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí tiwọn padà dé ìpele kẹta, èyí tó le jù. Kọ̀ǹpútà náà ń gbìyànjú láti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: ti ilé iṣẹ́ DeepMind lọ́dún 2019 kọ́ṣẹ́ lára àkọsílẹ̀ aláìsàn tó lé ní 700,000, síbẹ̀ ìkìlọ̀ èké méjì ló ń bá òótọ́ kan rìn. Ilé ìwòsàn tó ṣì ń kọ fáìlì sínú bébà kò tilẹ̀ lè lò ó.

Ẹnìkan lè ní Lasix á fa omi ara aláìsàn gbẹ. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í dán ẹni tí omi ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ wò. Kì í sì í ṣe ìtọ́jú. Ìtọ̀ tó ya kò ní kí kíndìnrín ti san. Àtakò tó lágbára jù ni pé bí a bá ti mọ̀, kí ló dé tí a kò fọ ẹ̀jẹ̀ lójú ẹsẹ̀? Ìwádìí STARRT-AKI tọdún 2020 ti dáhùn: nínú aláìsàn bí i 3,000, àwọn tó ń kú láàárín 90 ọjọ́ tó nǹkan bí 44 nínú ọgọ́rùn-ún, yálà a tètè fọ̀ ọ́ tàbí a ní sùúrù. Lára àwọn tí a ní sùúrù fún, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta tí a kò padà lo ẹ̀rọ fún rárá.

Nítorí náà, ìmúrasílẹ̀ ni wákàtí méjì yẹn wà fún. Ní Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń fi owó ara wọn sanwó fífọ ẹ̀jẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kò sì ní ẹ̀rọ náà, ó ń fún dókítà láàyè láti dá gentamicin àti irú oògùn bẹ́ẹ̀ tó lè pa kíndìnrín lára dúró, kó wá ibi tí ẹ̀rọ wà, kó sì pe ẹbí kí wọ́n tètè wá owó, kí pọ́tásíọ́mù tí kíndìnrín kò lè kó dànù mọ́ tó ga nínú ẹ̀jẹ̀ débi tí ọkàn aláìsàn kò fi ní lè fara da ìrìn àjò inú áḿbúláǹsì.