Àlùbọ́sà Holland Marsh àti Ẹja Lake Simcoe

Ọmọ mi mú iṣẹ́ àṣetiléwá dé lọ́sẹ̀ tó kọjá: kí ni sustainable development? Mo ní ìdàgbàsókè tó máa tọ́jọ́ ni, èyí tí a ó jẹ lónìí tí tọ̀la ò ní bàjẹ́. Ó wò mí, ó ní, "Mummy, kí ló kàn wá níbẹ̀?" Mo bá mú àlùbọ́sà kan nínú apẹ̀rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Holland Marsh ni àlùbọ́sà yẹn ti wá. Tí ẹ bá ń gba Highway 400 lọ sí Barrie, ilẹ̀ dúdú tó lọ salalu yẹn ni mò ń sọ. Kò jìnnà sí Newmarket rárá. Ọ̀pọ̀ rò pé àwọn ará Holland ló ni orúkọ yẹn. Rárá o, Samuel Holland, ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni. Àwọn àgbẹ̀ láti Netherlands dé síbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọdún 1934 ni. Irà ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún 1925 sí 1930 ni wọ́n gbẹ́ kòtò yí i ká, tí wọ́n sì fa omi rẹ̀ jáde. Ilẹ̀ tó ṣẹ́kù dúdú bí èédú, nítorí ewéko tó ti jẹrà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló di ilẹ̀ yẹn. Àlùbọ́sà àti kárọ́ọ̀tì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Àmọ́ ilẹ̀ náà kì í dúró. Nígbà tí omi bò ó, afẹ́fẹ́ ò ráyè wọ̀ ọ́. Bí omi ṣe lọ, afẹ́fẹ́ wọlé, ilẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà, ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn sì ń gbé eruku rẹ̀ lọ. Eruku yẹn, àti omi tí wọ́n ń fa jáde lóko, gbé phosphorus dání. Phosphorus yìí wà nínú ajílẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí irúgbìn ta gbòǹgbò dáadáa.

Níbo ló ń lọ? Odò Holland ní apá méjì. Ọ̀kan gba ẹ̀gbẹ́ oko yẹn. Èkejì gba àárín Newmarket wa níbí, níbi Fairy Lake tí ẹ ti máa ń ya fọ́tò. Wọ́n pàdé, wọ́n sì jọ wọ Lake Simcoe.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ mi ṣàlàyé. Ẹ mọ ẹ̀rọ kékeré tí à ń fi há ọmọ ìka aláìsàn, tó ń sọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀? Adágún náà ní tirẹ̀. Phosphorus ń bọ́ àwọn ewéko kéékèèké inú omi, wọ́n á pọ̀ yamùrá, wọ́n á kú, wọ́n á rì sísàlẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ òkú wọn á máa lo ọ́síjìn ìsàlẹ̀ tán. Ìsàlẹ̀ yẹn gan-an, níbi tí omi ti tutù, ni ẹja lake trout ń sá sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àgbà ẹja lè rọ́ ọ jẹ, àmọ́ ó ṣòro fún àwọn ọmọ wọn láti yè. Láti àwọn ọdún 1960 ni ìjọba ti ń sin ọmọ ẹja, tí wọ́n sì ń dà wọ́n sínú adágún. Bí aláìsàn tó wà lórí ẹ̀rọ ni lójú tèmi.

Ní ọdún 2008, ìjọba Ontario ṣòfin láti dáàbò bo Lake Simcoe. Ètò tó tẹ̀ lé e ní 2009 fẹ́ kí phosphorus tó ń wọ̀ ọ́ dín kù sí tónù 44 lọ́dún, láti nǹkan bí 72.

Ṣé àgbẹ̀ nìkan la fẹ́ dá lẹ́bi? Ó tì o. Iṣẹ́ ìlú yìí kì í ṣe ilé iṣẹ́ awọ Davis Leather mọ́, bí ti ayé àtijọ́. Ilé kíkọ́ ló gbòde. Wọ́n á ha ilẹ̀ sílẹ̀ gbalaja, òjò á fọ ẹrẹ̀ rẹ̀ lọ sódò, lẹ́yìn náà títì àti òrùlé á gba ibi tí omi ìbá rì sí. Ta ló sì ń ra àwọn ilé náà? Àwa tá a kó kúrò ní Toronto nítorí owó ilé ni. Láti 2005 ni òfin Greenbelt ti ń dáàbò bo ilẹ̀ oko àti igbó, Holland Marsh wà nínú rẹ̀. Ní 2022 ìjọba yọ àwọn ilẹ̀ kan kúrò nínú Greenbelt pé káwọn fi kọ́lé. Ariwo pọ̀, wọ́n dá a padà ní 2023. Inú mi dùn pé wọ́n dá a padà, àmọ́ n ò ní purọ́: àbúrò mi ṣì ń wá ilé.

Ó wá ku iyọ̀ tí à ń dà síwájú ilé nígbà yìnyín. Àwọn àgbà ní ibi tí a bá fi iyọ̀ sí ló ń ṣomi sí, àmọ́ tibí yìí kì í dúró níbẹ̀, odò ló ń gbà lọ. Ó ti pẹ́ tí iyọ̀ ti ń pọ̀ sí i nínú Lake Simcoe, àwọn ará Georgina sì ń mu omi rẹ̀. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ ra ilé, odindi àpò ni mò ń dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n má baà ṣubú lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́. Ní báyìí, mo ń kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò, ife kan péré ni mò ń wọ́n.

Ọmọ mi kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé iyọ̀ ìyá òun máa ń lọ bá ẹja. Olùkọ́ ní kó wá ṣàlàyé rẹ̀ níwájú kíláàsì.