Fáníìṣì Ni Òrùlé Ọ̀pá Ọparun Ìpẹja

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Báyìí ni àwọn àgbà wa wí, báyìí náà sì ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ń fi ọparun ṣe ọ̀pá ìpẹja ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí. Kò sí ẹni tí kò mọ ọparun nínú wa. Òun ni a fi ń gbé pákó ró bí a bá ń kọ́ ilé alájà. Òun ni ọmọdé ń so okùn àti ìwọ̀ mọ́ tí ó fi ń dẹ ẹja létí odò. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tí à ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí a ń gé nínú igbó lówùúrọ̀ kí a sì sọ ọ́ nù nírọ̀lẹ́. Bí a bá tọ́jú rẹ̀, bàbá lè lò ó, kí ọmọ àti ọmọ-ọmọ sì jogún rẹ̀. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, omi tí a fi í pẹja nínú rẹ̀ ni yóò pa òun fúnra rẹ̀.

Ẹja inú odò tútù ni àwọn apẹja wọ̀nyí ń lépa, kòkòrò ojú omi sì ni oúnjẹ ẹja náà. Nítorí náà, wọn a fi ìyẹ́ àti òwú wé ìwọ̀ kí ó lè jọ eṣinṣin. Irú ìwọ̀ bẹ́ẹ̀ fúyẹ́ púpọ̀, kò ṣe é jù lásán. Okùn ni ó ní ìwúwo, ọ̀pá ni ó sì ń ju okùn náà síwájú. Ọ̀pá yìí gbọ́dọ̀ tẹ̀, kí ó sì tún nà lẹ́sẹ̀ kan náà, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Samuel Phillippe, alágbẹ̀dẹ ìbọn kan ní ìlú Easton ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ la ọparun wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì tún un lẹ̀ pọ̀ di ọ̀pá, ní nǹkan bí ọdún 1845. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Hiram Leonard ti ìlú Bangor, ní ìpínlẹ̀ Maine, sọ ọ̀pá onílàá mẹ́fà di ohun tí tolórí tẹlẹ́mù mọ̀. Wọn a fá ìlà kọ̀ọ̀kan ní igun mẹ́ta, wọn a sì lẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀. Ọparun tí wọ́n yàn láàyò ń wá láti agbègbè Guangdong ní ilẹ̀ Ṣáínà. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá òwò pẹ̀lú Ṣáínà dúró ní ọdún 1950, ọparun náà di ọ̀wọ́n, ọ̀pá oníke àti onídígí sì gba ọjà. Ọdún 1971 ni òwò náà tó tún là. Títí di òní, ìwọ̀nba oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń ṣe ọ̀pá ọparun, owó rẹ̀ kò sì kéré.

Kí ni ọ̀tá ọ̀pá yìí? Omi ni. Ọparun a máa fa omi mu. Bí ó bá mu ún, a máa rọ̀, bí ó bá sì tẹ̀, kò ní í nà mọ́. Nínú àwọn ọ̀pá àtijọ́ tí a fi ohun ìlẹ̀mọ́ awọ ẹran lẹ̀, omi lè mú kí àwọn ìlà náà tú kúrò lára ara wọn. Fáníìṣì kì í fún ọ̀pá lágbára; inú ọparun ni agbára wà. Òrùlé ni fáníìṣì jẹ́, òrùlé tí ó sì gbọ́dọ̀ máa bá ilé jó.

Irú èwo ni kí a yàn? Èkíní ni fáníìṣì tí a ṣe fún òpó ọkọ̀ ojú omi. Epo wà nínú rẹ̀ dáadáa, ó ń tẹ̀ láìsán, ó sì ń fara da oòrùn. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í tètè gbẹ. Èkejì ni polyurethane. Ó le ju ti ìṣáájú lọ, nǹkan kì í tètè ha á lára, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣí, àtúnṣe rẹ̀ kò rọrùn. Ẹ̀kẹta ni epo èso igi tung ti ilẹ̀ Ṣáínà, tí a ń fi aṣọ pa mọ́ ọ̀pá lára. Ó rọrùn, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n ààbò rẹ̀ kéré, a sì ní láti máa tún un pa. Ẹ̀kẹrin ni ti ilé iṣẹ́ Orvis, níbi tí Wes Jordan ti wá ọ̀nà láti mú kí ọparun mu oje Bakelite wọnú. Èyí kò nílò fáníìṣì lókè rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé. Ẹni tí ń tọ́jú ọ̀pá fúnra rẹ̀ kò ní í ṣìnà bí ó bá mú èkíní.

Kí a tó kùn ún, ẹ jẹ́ kí a fi pépà oníyanrìn tí ó kúnná jù lọ rá ọ̀pá náà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Abẹ́ èèpo ni okun ọparun pọ̀ sí. Ẹni tí ó bá rá a jù ti gé agbára rẹ̀ kúrò. Kí a nù ún kí eruku tán. Ẹ̀yin tí ń gbé ní ìhà Àríwá mọ ohun tí eruku ọyẹ́ ń ṣe sí ọ̀dà tútù. Kí a fi nǹkan bo irin tí a fi ń so apá ọ̀pá kan mọ́ èkejì, nítorí bí fáníìṣì bá kan án, kò ní í wọnú ara wọn mọ́. A kò gbọdọ̀ mi agolo fáníìṣì, kí ó má baà hó bí ọṣẹ.

Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ kì í sábà lo bùrọ́ọ̀ṣì. Páìpù gígùn tí fáníìṣì kún ni wọ́n ń ti ọ̀pá bọ̀, ẹ̀rọ kékeré a sì máa fà á jáde díẹ̀díẹ̀, ínǹṣì díẹ̀ péré ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá yára fà á, fáníìṣì a nípọn, a sì máa ṣàn wálẹ̀. Ìpele 2 tàbí 3 tí ó fẹ́lẹ́ sàn ju ẹyọ kan tí ó ki lọ. Ẹ má sì gbàgbé pé fáníìṣì olóròóró kì í gbẹ bí aṣọ orí okùn. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni ó ń gbà sára kí ó tó le. Ojú rẹ̀ lè gbẹ kí inú rẹ̀ ṣì tutù, nítorí náà ọjọ́ díẹ̀ ni kí a fi sí àárín ìpele kan àti èkejì.

Iṣẹ́ kò tán síbẹ̀. Bí a bá ti odò dé, kí a nu ọ̀pá gbẹ, kí a sì gbé e kọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ wà kí a tó dá a padà sínú àpótí rẹ̀. Bí a bá tì í mọ́ inú àpótí irin pẹ̀lú omi lára, fáníìṣì a léròrò bí ara tí omi gbígbóná ta sí. Ẹni tí ó bá sì jogún ọ̀pá àtijọ́, kí ó má ṣe sáré fá fáníìṣì ìṣáájú dànù. Bí ó bá ṣì mọ́ ọ̀pá lára, òun gan-an wà lára ohun tí ó mú ọ̀pá náà níye lórí.

Ẹ̀yin káfíńtà àti ẹ̀yin tí ń fi ọparun ṣe àga, ẹ̀kọ́ kan náà ni: ẹ mú omi kúrò, ẹ mú eruku kúrò, ẹ kùn ún fẹ́lẹ́, kí ẹ sì fún un láyè kí ó gbẹ. Ẹni tí kò bá lè dúró de fáníìṣì yóò padà wá dúró ti àtúnṣe.