Dúdú Ara Àpáta Èkìtì: Ẹ̀dá Tó Ń Bọ́ Igbó Lọ́dọ̀ Wa, Tó sì Ń Pa Iyùn Nínú Òkun

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ọ̀yẹ́ lọ sí Ìkọ̀lé yóò rí i pé dúdú ni àwọn àpáta tó yọrí láàrin igbó, pàápàá lójú ibi tí omi òjò máa ń ṣàn gbà. Bẹ́ẹ̀, bí àwọn tó ń fọ́ òkúta bá la irú rẹ̀ sí méjì, inú rẹ̀ á mọ́ kedere.

Dúdú yẹn kì í ṣe èérí, kì í sì í ṣe èéfín iná oko. Ohun ẹlẹ́mìí ni. Sàyánóbakitéríà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é: ẹ̀dá tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ gẹ́gẹ́ bí ewé ti ń ṣe. Àwọn ló kọ́kọ́ kó ọ́síjìn tí à ń mí sínú afẹ́fẹ́ ayé, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.4 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí igi kankan kò tíì sí. Bí ogunlọ́gọ̀ wọn bá so pọ̀, wọ́n á tẹ́ bí ẹní.

Àwọn onímọ̀ ará Jámánì bíi Stefan Porembski àti Burkhard Büdel ti yẹ irú àpáta bẹ́ẹ̀ wò dáadáa ní Ivory Coast. Lọ́sàn-án ọ̀gbẹlẹ̀, ooru ojú àpáta lè ju 60°C lọ. Àwọ̀ dúdú yẹn ló ń dáàbò bo àwọn ẹ̀dá náà lọ́wọ́ oòrùn. Wọ́n lè gbẹ fún oṣù mélòó kan láìkú. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá kàn wọ́n, láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Náítírójìn tí àgbẹ̀ Ìkọ̀lé ń ra nínú àpò ajílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fà á láti inú afẹ́fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Òjò á wá fọ̀ lára rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ fún koríko inú pàlàpálá òkúta àti igi ìdí àpáta. Ẹ wo ibi tí àwọn ìyá wa ń sá láfún sí, tàbí ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń gbà lórí àpáta: ó mọ́ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí pé ẹsẹ̀ àti ìgbálẹ̀ ti họ ẹ̀dá náà kúrò.

Nínú òkun, ìbátan wọn ń ṣe ohun mìíràn. Ẹranko ni iyùn. Kì í ṣe irú tí ọba ń so mọ́rùn gan-an ló ń mọ òkìtì sábẹ́ omi, ṣùgbọ́n mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Ní erékùṣù Curaçao àti Bonaire nínú òkun Kàríbíà, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ òkìtì iyùn láti 1973, iyùn ti dín kù gidigidi. Nígbà tó fi di 2013, ẹní sàyánóbakitéríà ti bo ju ìdá kan nínú márùn-ún ibi tí wọ́n ń ṣọ́ lọ. Ẹní náà ń tú oúnjẹ sínú omi lóru, àwọn bakitéríà mìíràn á jẹ ẹ́, wọ́n á sì lo ọ́síjìn àyíká tán. Ọ̀pọ̀ ẹja kì í fẹ́ jẹ ẹ́, nítorí májèlé. Irú ẹní kan tún wà tó ń yí ara iyùn ká bí ó ti ń pa á lọ. Ó lè rìn tó sẹ̀ǹtímítà kan lójúmọ́.

Kí ló fa ìyàtọ̀? Lójú tèmi, oúnjẹ ni. Lórí àpáta, ebi àti ọ̀dá ló ń kó o níjàánu. Nínú òkun, ìdọ̀tí ilé ìgbẹ́ àti ajílẹ̀ tí òjò gbá lọ ń bọ́ ọ, omi sì ń gbóná sí i.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkìtì kò sún mọ́ òkun. A ní dáàmù Ero ní Ìkùn àti ti Ìtàpájì lágbègbè Ìkọ̀lé, oko sì yí wọn ká. Omi tó dúró sójú kan, tí ajílẹ̀ ń ṣàn wọ̀, ni sàyánóbakitéríà fẹ́ràn jù. Ní 1996, ní Caruaru nílẹ̀ Brazil, omi dáàmù tó ní májèlé wọn wọ inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn alárùn kíndìnrín. Ó lé ní 50 ènìyàn tó kú. Kí àgbẹ̀ má ṣe da ajílẹ̀ sí bèbè odò tó ń wọ dáàmù, kí igbó etí omi sì wà níbẹ̀. Bí ojú omi bá yí sí àwọ̀ ewé, tó ki, tó ń rùn, ẹ má ṣe gbé e kaná pé yóò dára: síse kì í pa májèlé náà. Ẹ lé ewúrẹ́ àti ajá kúrò létí rẹ̀, kí ẹ sì tètè sọ fún àwọn tó ń bójú tó dáàmù.