Ìmọ̀ Àìjẹgàba: Àṣìlóye Mẹ́ta àti Ẹ̀rí láti Ìkirè àti Àpòmù

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé ìmọ̀ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní ánákísíìmù, kí a sì tọ́ka sí ibi tí a ti máa ń ṣì í lóye. Inú èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àìsí olórí. Ṣùgbọ́n 'àìjẹgàba' ni a ó máa pè é níhìn-ín, nítorí pé kókó rẹ̀ ni pé kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ipá ṣe olúwa lórí ẹnìkejì rẹ̀. Pierre-Joseph Proudhon, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi orúkọ yìí pe ara rẹ̀ nínú ìwé ní 1840. Ní Nàìjíríà, Sam Mbah, tí ó wà nínú ẹgbẹ́ Awareness League, àti I. E. Igariwey gbé ìwé African Anarchism jáde ní 1997. Àwọn àwùjọ tí kò ní ọba, bí ọ̀pọ̀ ìlú Ígbò, wà lára ẹ̀rí wọn. Ìbéèrè tiwa ni pé: kí ni ìmọ̀ yìí lè sọ fún ìlú tí ó ní ọba, bí Ìkirè àti Àpòmù?

2. Àwọn Àṣìlóye

(i) Pé rúkèrúdò ni. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní ọmọlẹ́yìn ìmọ̀ yìí ni ó yìnbọn pa McKinley, olórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 1901. Ṣùgbọ́n àìsí ipá kò túmọ̀ sí àìsí ètò. Ẹ jẹ́ kí a wo àáró láàárín àwọn àgbẹ̀ wa. Lónìí, gbogbo wọn a ro oko ẹnì kan. Lọ́la, ó di ti ẹlòmíràn. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀. Ẹni tí ó bá gbà tí kò san padà, òun nìkan ni yóò ro oko tirẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. Irú àjọṣe báyìí ni Peter Kropotkin kọ ìwé lé lórí ní 1902.

(ii) Pé kò bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mikhail Bakunin gbà pé bí ọ̀rọ̀ bá di ti bàtà, aránbàtà ni kí a bi. Ẹni tí ó fẹ́ mọ bí a ti ń ṣe dòdò Ìkirè kò lè ṣe kó má gbọ́rọ̀ sí ìyá tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀wọ̀ tí ìmọ̀ bí yàtọ̀ sí ìbẹ̀rù tí pàṣán bí.

(iii) Pé 'tinú mi ni n ó ṣe' ni. Ìdàkejì rẹ̀ gan-an ni. Ẹni tí kò fẹ́ kí a jẹgàba lé òun lórí kò gbọdọ̀ jẹgàba lé ìyàwó, ọmọ-ọ̀dọ̀ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ibí yìí ni ìmọ̀ náà ti di ìlànà ìgbésí-ayé ẹni.

3. Àtakò

Àwọn àgbà ní bí ológbò bá ti ilé lọ, ilé a di ilé èkúté. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti ròyìn nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, ọjà Àpòmù ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bí agbára Ọ̀yọ́ ti ń rẹ̀yìn, àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ń jí ọmọ Ọ̀yọ́ tà níbẹ̀. Àṣà ọjà nìkan kò dá wọn dúró. Àtakò yìí múná, a kò sì gbọdọ̀ fojú fò ó.

Ṣùgbọ́n kí ni oògùn tí àwọn alágbára lò? Wọ́n ní kí Olówu lọ fìyà jẹ Àpòmù. Èyí di ogun láàárín Òwu àti Ifẹ̀. Nígbà tí ó yá, aáwọ̀ lórí atare owó ẹyọ márùn-ún péré lọ́jà kan náà di ogun tí ó pa Òwu run. Ológbò tí a pè wá sílé jẹ ju èkúté lọ.

4. Ìgúnlẹ̀

Èrò tiwa ni pé ìmọ̀ àìjẹgàba kò tíì fi ọ̀nà tí ó dájú hàn wá láti ṣẹ́gun gbọ́mọgbọ́mọ. Nítorí náà, a kò lè fi rọ́pò àkóso ìlú. Àmọ́ òṣùwọ̀n gidi ni ó jẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí àṣẹ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe ọba, ìbáà ṣe baálé, ìbáà ṣe olùkọ́: bí a bá gba pàṣán kúrò lọ́wọ́ rẹ, ta ni yóò ṣì gbọ́rọ̀ sí ọ lẹ́nu, kí sì ni ìdí rẹ̀?