Nǹkan Oṣù Dúró, Ìró Kò Yí Mi Ká Mọ́
Ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́ mi lọ́jà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí nǹkan oṣù mi ti dáwọ́ dúró, oúnjẹ mi kò pọ̀ sí i, síbẹ̀ ikùn mi ń yọ síwájú. Àwọn èèyàn ní ayé ló ń yẹ mí. Àfi ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò: ṣúgà ti ń gòkè níbẹ̀!

Dókítà ní estrogen, oje ara tó ń darí ọ̀rá obìnrin sí ìdí àti itan, ló dínkù. Ikùn ni ọ̀rá wá ń sá sí, kì í sì í jẹ́ kí insulin rí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kápá dáadáa.

Mo ní kó fún mi ní estrogen oníhóró. Ó ní ooru òjijì ni wọ́n sábà ń tìtorí ẹ̀ lò ó. Ní Amẹ́ríkà, ní 2002, wọ́n dá ìwádìí estrogen òun progestin lára obìnrin tó lé ní 16,000 dúró, nítorí jẹjẹrẹ ọmú ń pọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtọ̀gbẹ dínkù láàrin wọn.

“Ẹ máa rìn, Mama,” ló wí. Iṣan ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ a máa fa ṣúgà mu, bí insulin kò tilẹ̀ lágbára.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo ń rìn lọ sọ́jà báyìí, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kì í ṣe ìrìn ẹni tó ń kí ará ọ̀nà. Ọkọ mi rò pé owó ọkọ̀ ni mò ń ṣọ́. Ìró ti fẹ́ yí mi ká. Ẹ̀jẹ̀ ló kù tí n óò tún lọ yẹ̀ wò lóṣù tó ń bọ̀.