Orúkọ Ara Páálí: Eré Ọpọ́n Òde Òní àti Àwọn tí ń Kó O Jọ

Ní ilé tí wọ́n bá ti ń ta ayò, ọpọ́n kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń ní. Bí ọpọ́n náà ti ń gbó, tí ó sì ń dán nítorí ọwọ́ tí ń kàn án lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni iyì rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ihò 12, ọmọ ayò 48, ẹni méjì tí wọ́n jókòó kojú ara wọn: kò sí ohun tí ó kù tí ẹnikẹ́ni yóò tún lọ rà lọ́jà. Gbogbo àdúgbò mọ orúkọ ọ̀ta. Orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ronú kan eré ayò ńkọ́? Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tí ó ń béèrè.

Nítorí náà, ó lè ya ènìyàn lẹ́nu láti gbọ́ pé ní ilẹ̀ Jámánì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí eré ọpọ́n inú ilé wọn lé ní igba, tí ti àwọn mìíràn sì tó ẹgbẹ̀rún. Wọn kì í ṣe oníṣòwò, wọn kì í sì í fi í ta tẹ́tẹ́. Ìfẹ́ ọkàn ni. Wọ́n to páálí eré wọn sórí pẹpẹ bí olùkọ́ ti ń to ìwé, wọ́n sì ń pe ara wọn jọ ní alẹ́ láti ta wọ́n. Kí ni ó fà á tí ọpọ́n kan kò fi tó wọn? Ìdáhùn náà kò ṣẹ̀yìn orúkọ kan tí a ń tẹ̀ sí ara páálí.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ irú eré tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Nínú lúdò, dáìsì ni ó ń ṣe ìdájọ́. Ẹni tí mẹ́fà kò bá jáde fún, inú ilé ni yóò jókòó sí. Púpọ̀ nínú eré ọpọ́n òde òní kò fẹ́ kí orí nìkan máa gbe ènìyàn. Wọ́n fẹ́ kí ènìyàn fi ọgbọ́n ra ọ̀nà ara rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ni eré Ehoro àti Ìjàpá tí David Parlett, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe. Nígbà tí àwọn alárìíwísí eré ní ilẹ̀ Jámánì dá ẹ̀bùn Spiel des Jahres sílẹ̀ fún eré tí ó bá ta yọ jù lọ́dún, òun ni wọ́n kọ́kọ́ fún, ní ọdún 1979.

Eré ìje ni, ṣùgbọ́n dáìsì kọ́ ni ó ń sọ iye ojú tí ènìyàn yóò rìn. Kárọ́ọ̀tì ni owó ọ̀nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ síwájú ní ojú kan yóò san kárọ́ọ̀tì 1. Ojú méjì, 3. Ojú mẹ́ta, 6. Ojú mẹ́rin, 10. Ojú márùn-ún, 15. Olùkọ́ ìṣirò yóò ti rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìwàǹwára fo ojú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà yóò san 55; ẹni tí ó bá pín in sí ọ̀nà méjì, márùn-ún márùn-ún, 30 péré ni yóò san. Bí kárọ́ọ̀tì bá ń tán lọ, ènìyàn lè padà sẹ́yìn sí ojú tí a ya àwòrán ìjàpá sí, kí ó gba kárọ́ọ̀tì 10 fún ojú kọ̀ọ̀kan tí ó fi padà. Síbẹ̀, ahun kò lè jẹ nínú eré náà, nítorí pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé òpin kò gbọdọ̀ ní ju kárọ́ọ̀tì 10 lọ lọ́wọ́ kí ó tó lè wọlé. Ìjàpá inú àlọ́ Yorùbá ìbá gbádùn eré yìí púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò kọ́kọ́ wá ọ̀nà láti jí kárọ́ọ̀tì ehoro kó.

Èyí tí ó wá lókìkí jù ni Catan, tí Klaus Teuber gbé jáde ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1995. Ṣíṣe eyín àtọwọ́dá ni iṣẹ́ oòjọ́ ọkùnrin náà nígbà náà. Nígbà tí ó kú ní ọdún 2023, eré rẹ̀ tí wọ́n ti tà káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 40. Erékùṣù kan ni, tí a fi ègé páálí onígun mẹ́fà 19 tò. Igi, amọ̀, irun àgùntàn, ọkà àti òkúta irin ni ilẹ̀ náà ń mú jáde, ó sì ṣòro kí ẹnì kan dá ní gbogbo wọn tó. Àfi kí wọ́n ná ọjà láàárín ara wọn. Dáìsì méjì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀nà 36 tí dáìsì méjì lè gbà balẹ̀, márùn-ún ni ó ń mú 8 wá, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó sì ń mú 12 wá. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ ibi tí ó yẹ kí ó kọ́ ilé rẹ̀ sí. Kò sì sí ẹni tí a ń lé kúrò nídìí eré kí ó tó parí.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ kan orúkọ. Ní ọdún 1904, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Lizzie Magie, gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́dọ̀ ìjọba lórí eré kan tí ó pè ní Eré Onílẹ̀. Ohun tí ó fẹ́ fi kọ́ àwọn ènìyàn ni pé bí ilẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn díẹ̀, owó tí àwọn ayálégbé ń san ni yóò máa sọ àwọn díẹ̀ náà di ọlọ́rọ̀, tí àwọn tí ń san án yóò sì máa tòṣì. Eré náà ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Àwọn tí ń ta á a máa fi ọwọ́ ara wọn ya ọpọ́n rẹ̀ sórí aṣọ tàbí sórí pákó, wọn a sì kọ orúkọ àdúgbò ìlú tiwọn sí i. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi eré náà kọ́ Charles Darrow, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á bí ẹni pé òun ni ó ronú kàn án. Ilé-iṣẹ́ Parker Brothers rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1935. Monopoly nìyẹn. Darrow di olówó. Ilé-iṣẹ́ kan náà ra ẹ̀tọ́ Magie ní 500 dọ́là, láìsí pé yóò tún gba kọ́bọ̀ lórí èyí tí wọ́n bá tà. Ó kú ní ọdún 1948, ìtàn Darrow sì ni wọ́n ń sọ fún gbogbo ayé.

Bí òtítọ́ náà ṣe jáde ni ó yẹ kí àwọn tí ń fi àwọn akójọ-nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́ fetí sí. Ní àwọn ọdún 1970, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Ralph Anspach, ṣe eré tirẹ̀ tí ó pè ní Anti-Monopoly. Ẹjọ́ dé, ó sì pẹ́ títí di ọdún 1983. Nígbà tí Anspach ń wá ẹ̀rí kiri ni ó ṣàwárí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti ń ta eré náà kí ọdún 1935 tó dé, àti ọpọ́n àfọwọ́yà tí àwọn kan nínú wọn kò dànù. Ohun tí ìyàwó ilé kan ìbá ti fi nu tábìlì ni ó di ẹ̀rí.

Ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn tí ń ṣe eré kò dúró de irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1988, níbi ìpàtẹ ohun ìṣeré ọmọdé ní ìlú Nuremberg, àwọn mẹ́tàlá nínú wọn mú páálí pẹlẹbẹ tí a ń gbé ife bíà lé, wọ́n kọ ọ́ sí i pé àwọn kò ní gbé eré kankan fún ilé-iṣẹ́ tí kò bá ní tẹ orúkọ àwọn sí ara páálí rẹ̀. Gbogbo wọn sì bu ọwọ́ lù ú. Ohun kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n òun ni ó sọ eré di ohun tí ó jọ ìwé. Bí ẹni tí ó ka ìwé Fágúnwà kan ti ń wá èkejì kiri, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó gbádùn eré kan wá ń béèrè ohun mìíràn tí ẹni náà ti ṣe. Reiner Knizia, ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò, ti ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ẹni tí ó bá ní kí òun kó tirẹ̀ nìkan jọ yóò wá yàrá mìíràn.

Àwọn mìíràn ń kó àwọn tí wọ́n ti gba ẹ̀bùn ọdọọdún jọ, àwọn mìíràn ń wá èyí tí a kò tẹ̀ mọ́. Láti ọdún 1983 ni ìpàtẹ eré ti wà ní ìlú Essen, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ń rìn lọ. Iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. A ní láti ka gbogbo ègé inú páálí lẹ́yìn eré, nítorí pé ẹyọ kan tí ó bá sọnù lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí ìwé òfin eré bá sọnù, páálí náà ti yadi nìyẹn. Àwọn kan sì wà tí wọn kì í tilẹ̀ ya ọ̀rá ara páálí, kí iye owó rẹ̀ má bàa wálẹ̀. Ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ eré. Ó ti di ọ̀rọ̀ ilé ìfowópamọ́.

Òfin ayò, orí ni ó ń gbé. Ọmọdé kọ́ ọ níbi tí ó dúró sí lẹ́yìn àgbà. Ṣùgbọ́n eré tuntun kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ ka ìwé òfin rẹ̀ ní òun nìkan, tí yóò wá ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn yòókù láìjẹ́ kí oorun kùn wọ́n. Ẹni tí ó ni páálí ni olùkọ́ alẹ́ ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá sì ta á tán, àwọn kan a máa kọ ọjọ́ náà àti orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ta á sórí ìwé pélébé kan, wọn a sì fi í sínú páálí.