2147483647: Nọ́ńbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́

Lóṣù tó kọjá, mo fi kọ̀ǹpútà mi sílẹ̀ mọ́jú kó máa ka ìgbésẹ̀ àwọn molecule, torí mo máa fi èsì rẹ̀ han ọ̀gá mi láàárọ̀. Nígbà tí mo jí, àmì ìyọkúrò ti wà níwájú iye ìgbésẹ̀! Ta ló máa ń rin ìgbésẹ̀ tó dín sí òdo? Mo tún un ṣe, mo wá ń ṣọ́ ọ. Ó kà dé 2147483647 láìsí wàhálà. Bó ṣe fi ẹyọ kan lé e báyìí, ó fò padà sí -2147483648.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀ gan-an? Ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo. Mẹ́jọ ni èso ara rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣíjú sókè tàbí kó dojú délẹ̀. 2 × 2 × 2, títí 2 yóò fi pé mẹ́jọ, 256 ni: iye odù Ifá nìyẹn. Kọ̀ǹpútà náà ò mọ̀ ju 0 àti 1 lọ. Irú nọ́ńbà tí mo lò, int, ní àyè 32. Ọ̀kan ń sọ bóyá àmì ìyọkúrò wà níwájú. Ó ku 31. Tí 2 bá pé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, 2147483648 ni. Òdo gba ẹyọ kan níbẹ̀, ìyẹn ló fi dúró sí 2147483647.

Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìṣirò ti mọ nọ́ńbà yìí kí kọ̀ǹpútà tó dáyé. Prime ni: kò sóhun tó lè pín in kó má ṣẹ́ kù, àyàfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Leonhard Euler ló fìdí èyí múlẹ̀ ní 1772, nígbà tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Ṣé gbogbo nọ́ńbà ló dán wò ni? Rárá o. Tí nọ́ńbà méjì bá so pọ̀ di 2147483647, ọ̀kan nínú wọn ò lè ju 46340 lọ. Euler tún rí i pé prime tó bá máa pín in, tí ẹ bá fi 248 pín òun náà, 1 tàbí 63 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù. Ìyẹn dín iṣẹ́ kù gan-an.

Irú prime yìí, tó jẹ́ pé ẹ sọ 2 di púpọ̀ kí ẹ tó yọ 1, là ń pè ní Mersenne prime, nítorí Marin Mersenne, àlùfáà ará Faransé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin náà o. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń ka ìṣẹ́jú àáyá láti January 1, 1970. Èyí tó bá ṣì ń lo àyè 32 máa kan ògiri ní January 19, 2038, ní 4:14 àárọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, kàlẹ́ńdà rẹ̀ á sì padà sí December 1901.

Èmi ti yí tèmi sí àyè 64. Ògiri tuntun wà ní 9223372036854775807. Ẹ má rò pé ìyẹn náà jẹ́ prime o: ẹ mú bébà, ẹ fi 7 pín in, kò ní ṣẹ́ kù.